Láti Ọjà Olúwo dé Etí Òkun Kúbà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ìwé ìtàn àwọn òyìnbó jìnnà sí òun, ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni mo máa rán an lọ. Kó dúró síbi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀. Kó wo bí àwọn ìyá ẹlẹ́ja ṣe ń yọjú sínú ọkọ̀ kí apẹja tó rí okùn so, bí wọ́n ṣe ń ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀bọ̀kún wò bóyá inú rẹ̀ ṣì pọ́n. Lẹ́yìn náà, kó wá jókòó ti ìwé tí Ernest Hemingway kọ ní 1952, The Old Man and the Sea.

Baba apẹja kan ní Kúbà ló wà nínú rẹ̀, Santiago lorúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 84 gbáko ni baba yìí fi lọ sójú òkun tí kò rí ẹja kan pa. Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, àwọn òbí ọmọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní kí ọmọ àwọn lọ wọ ọkọ̀ ẹlòmíì, wọ́n ní orí baba náà ti burú. Ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ìyẹn fún ará etí ọ̀sà? Ní ọjọ́ 85, ẹja kan gbé ìwọ̀ rẹ̀ mì, ẹja tó fi ẹsẹ̀ bàtà méjì gùn ju ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ṣú lẹ́ẹ̀mejì, ó mọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ṣì jọ ń fa okùn. Pajápajá mú ọwọ́ òsì baba, ó sì ń bá ọwọ́ náà wí bí ẹní ń bá ọmọ aláìgbọràn wí. Ó ń pe ẹja náà ní arákùnrin, ó sì ń sọ fún un pé òun máa pa á.

Àwa tí a ti bá Àkàrà-ògùn dójú ìjà pẹ̀lú Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún, nínú ìwé tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938, irú ìjà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Santiago kàn wá jẹ́ ẹni tí kò ní ọfọ̀ kankan lẹ́nu ni. Àdúrà ìjọ Àgùdà ló ń gbà, òun náà sì jẹ́wọ́ pé òun kì í ṣe onísìn.

Ibì kan wà tí Hemingway kò ti tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn obìnrin dà? Ìyàwó baba náà ti kú. Ó ti yọ àwòrán rẹ̀ lára ògiri, ó fi í sábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀ tó mọ́, torí bó bá ti rí i, àárò á sọ ọ́. Ibẹ̀ dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n létí omi, kò sí obìnrin kan tó ń nájà ẹja. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá ẹlẹ́ja lè ti yá apẹja lówó àwọ̀n kí ẹja tó wọ̀ ọ́. Nígbà tí àwọn ṣáàkì jẹ ẹja baba ku egungun, ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ta ló jẹ lówó?

Nínú ọkọ̀ èrò tó ń ti Ìkòròdú gba Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ka Moll Flanders, tí Daniel Defoe gbé jáde ní 1722. Màmá tó jókòó tì mí bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní, “Obìnrin kan ni, mà. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló lọ́kọ, ọmọ ìyá ẹ̀ ni ọ̀kan nínú wọn, kò sì mọ̀. Ó tún jalè fún ọdún méjìlá.”

“Yéè! Kí ló wá gbẹ̀yìn ẹ̀?”

“Ó dolówó ní Amẹ́ríkà, mà.”

Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́.

Mi ò bá màmá wí. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tí Èkó mọ̀ ni ti Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, tí I. B. Thomas ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930, bí ẹni pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń kọ lẹ́tà láti orí ibùsùn àìsàn. Àwọn òǹkàwé gbà pé ó wà láàyè. Bẹ́ẹ̀ náà ni Defoe ṣe fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́ kó lè dà bíi pé Moll ló ń rojọ́. Ọgbọ́n kan náà ni, àmọ́ Thomas le ju Defoe lọ: òṣì àti ẹkún ni Sẹ̀gilọlá bá délẹ̀, Moll ní tiẹ̀ ronú pìwà dà, ó sì gbádùn owó rẹ̀. Ní tèmi, ti Thomas ló gún mi lọ́kàn jù.

Ẹni tó bá sì ti tẹ̀lé Lápàdé, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ inú Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969, kò ní ṣì ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, Philip Marlowe, mọ̀ nínú The Big Sleep ti Raymond Chandler. Ẹnu Lápàdé ló kàn dùn ju ti Marlowe lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka Fágúnwà nílé ìwé, tí ẹ sì gbé ìwé ìtàn tì láti ìgbà náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí Santiago. Ìwé rẹ̀ kò nípọn rárá. Ẹni tó bá ń ka ojú ìwé mẹ́wàá lóòjọ́ yóò parí rẹ̀ kí oṣù tó tán. Ẹ wá Moll Flanders lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ má kà á lójú màmá yín.