Àtúnṣe, Àtúnkọ àti Àtúntò: Ẹ̀kọ́ Láti Ara Atúmọ̀-Ètò Èdè Go

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe, kí ó tó fún un ní orúkọ. Nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ mẹ́ta kan wà tí ó rọrùn fún atúmọ̀ láti kó sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, èyíinì ni ‘àtúnṣe’. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti pé ẹni tí ó bá pa wọ́n pọ̀ yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

Kí a kọ́kọ́ ṣe àlàyé ohun tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní kọ̀ǹpáílà. Èdè ẹ̀rọ, tí ó jẹ́ kìkì òǹkà, nìkan ni kọ̀ǹpútà gbọ́. Èdè tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn ni àwa sì fi ń kọ ètò. Kọ̀ǹpáílà ni ó ń sọ èyí tí a kọ di èdè ẹ̀rọ. Àwọn kan lè fẹ́ pè é ní ‘ògbufọ̀’. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ a máa dúró ti ẹni tí ń sọ̀rọ̀, a sì máa túmọ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń jáde; bí ó bá kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ pin. Irú ètò bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, orúkọ náà sì tọ́ sí i. Ní ti kọ̀ǹpáílà, ó jọ ẹni tí ó túmọ̀ odidi ìwé: bí ó bá ti gbé ìwé kejì kalẹ̀, ẹni tí ń kà á kò tún nílò rẹ̀ mọ́. Nítorí náà ni a fi dábàá ‘atúmọ̀-ètò’, ní ìbámu pẹ̀lú ‘atúmọ̀-èdè’ tí gbogbo wa ti mọ̀.

Àpẹẹrẹ tí a ó lò ni atúmọ̀-ètò èdè Go. Ní ọdún 2007 ni Robert Griesemer, Rob Pike àti Ken Thompson bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrò èdè yìí ní ilé-iṣẹ́ Google. Wọ́n kéde rẹ̀ ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2009. Èdè C ni wọ́n fi kọ atúmọ̀-ètò rẹ̀. Nígbà tí Go 1 jáde ní Oṣù Kẹta ọdún 2012, wọ́n ṣe ìlérí pé ètò tí ó bá tẹ̀lé òfin rẹ̀ yóò máa ṣiṣẹ́ lọ nínú àwọn ẹ̀dà Go 1 tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni ó ti di dandan pé bí wọ́n bá ń palẹ̀ inú atúmọ̀-ètò náà mọ́, kí ilé má wó lé ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ lórí.

Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2015, Go 1.5 jáde, atúmọ̀-ètò rẹ̀ sì ti di èyí tí a fi Go fúnra rẹ̀ kọ, kí àwọn tí ó mọ Go lè máa tọ́jú rẹ̀ láìlo C. Wọn kò jókòó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé àṣìṣe tuntun kì í wọ́n nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ètò mìíràn ni wọ́n lò láti yí C náà padà sí Go. Ohun tí ó jáde jọ C tí ó wọ aṣọ Go, iṣẹ́ ìtúmọ̀ sì fà tó ìlọ́po méjì àkókò ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n fara mọ́ ìfàsẹ́yìn yìí, wọn kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni nígbà tí ẹ̀dà náà jáde.

Ìbéèrè kan wá dìde. Alágbẹ̀dẹ ni ó ń rọ ọmọ owú tí ó fi ń lu irin. Kí ni ó fi rọ èyí àkọ́kọ́? Kí a tó lè kọ́ Go 1.5 jáde, Go 1.4, ẹ̀dà ìkẹyìn tí a fi C kọ atúmọ̀-ètò rẹ̀, gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Irú èyí ni a dábàá kí a máa pè ní ‘atúmọ̀-ètò ìpìlẹ̀’. Ipò yìí ni Go 1.4 wà títí di Oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí Go 1.20 bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè Go 1.17.

Ní báyìí, a lè ya iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀:

(i) Àtúnṣe. Nǹkan bàjẹ́, a sì mú un bọ̀ sípò. Bí ètò bá ń fúnni ní ìdáhùn tí kò tọ̀nà, àtúnṣe ni ó nílò.

(ii) Àtúnkọ. A yọ apá kan kúrò, a sì kọ òmíràn dípò rẹ̀. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2016, Go 1.7 gbé apá tuntun tí ń pèsè èdè ẹ̀rọ wá fún àwọn ẹ̀rọ irú amd64. Nínú àwọn ètò tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò, àkókò iṣẹ́ dín ní ìdá 5 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Go 1.8 mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀rọ yòókù ní Oṣù Kejì ọdún 2017.

(iii) Àtúntò. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́, iṣẹ́ kò sì yí padà. Ètò inú nìkan ni a tún tò. Ní ìparí ọdún 2020, wọ́n tú ìdì ńlá kan tí ń jẹ́ gc nínú atúmọ̀-ètò náà, wọ́n sì pín ohun inú rẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ìdì kéékèèké, bí ir, typecheck àti walk. Go 1.17 gbé e jáde ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2021. Ó dàbí ẹni tí ó sọ ẹrù kalẹ̀ láàrin ọ̀nà tí ó sì tún un dì: ẹrù kò dín, kò sì lé, ṣùgbọ́n ọrùn rí ìsinmi.

Bí atúmọ̀ bá pe ti ẹ̀kẹta yìí ní ‘àtúnṣe’, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́n yóò béèrè pé, “Kí ni ó bàjẹ́?” Olùkọ́ kò ní rí èsì fọ̀. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé ìlérí wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá sọ pé àtúntò ni òun ń ṣe ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ìwà ètò náà kò ní yàtọ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá dúró fún gbogbo rẹ̀, kò sí bí a ó ṣe di ẹ̀jẹ́ yìí mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bóyá àwọn kan yóò fẹ́ ‘àtúndì’ ju ‘àtúntò’ lọ, nítorí àfiwé ẹrù tí a ṣe. A kò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a dì ni a ti pa dé, ohun tí a tò sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí yóò tún un tò lọ́la. Kí ẹ̀yin olùkọ́ àti atúmọ̀ gbé méjèèjì lé orí òṣùwọ̀n, kí ẹ sì mú èyí tí ó sàn jù wá bí ó bá wà lọ́wọ́ yín.