Àwòrán Tí Ń Sọ̀tàn, Iṣẹ́ Tí Ń Bọ́ni

Ìwé kọ́míìkì ni ìwé ìtàn tí àwòrán ń gbé ẹrù rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. A pín ojú ìwé sí àpótí mẹ́rin, márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn ẹni inú ìtàn ń wí wà nínú róbótó funfun lẹ́bàá orí wọn. Ẹni tó mọ àwòrán yà lásán kò tíì mọ kọ́míìkì yà. Ọmọbìnrin onílà ojú tí ayàwòrán yà lójú ìwé kìíní gbọ́dọ̀ hàn bákan náà ní ogún ojú ìwé tó kù: lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́, nígbà tó ń sáré, nígbà tó ń sunkún, kí òǹkàwé má ṣì í mọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń pín iṣẹ́ yìí. Ẹnì kan á kọ ìtàn, ẹlòmíì á fi pẹ́ńsùlù yà á, àwọn mìíràn á fi tàdáwà tẹ̀ ẹ́, wọn á kùn ún, wọn á to ọ̀rọ̀ sí i. Ní Èkó, ẹnì kan ṣoṣo lè máa ṣe gbogbo rẹ̀.

Ìwé ìròyìn ló kọ́kọ́ bọ́ àwọn ayàwòrán báyìí nílẹ̀ wa. Akínọlá Láṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀, fi àwòrán bú àwọn òyìnbó amúnisìn nínú *West African Pilot*, ìwé ìròyìn tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní 1937. Ní 1976, Wálé Adénúgà gbé ìwé kọ́míìkì *Ikebe Super* jáde. Inú rẹ̀ ni ìtàn Papa Ajasco ti jáde, tó fi di fíìmù, tó tún di eré tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ tó ń fi í rẹ́rìn-ín kò mọ̀ pé orí bébà ló ti wá.

Roye Okupe, tó ń kọ kọ́míìkì, gba ọ̀nà mìíràn. Ó dàgbà ní Èkó kó tó lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì kó owó ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jọ lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìtàn *Iyanu* tó kọ, tí Godwin Akpan yà, bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Dark Horse ní 2021. Ó di eré tẹlifíṣọ̀n ní 2025, aṣọ àti ìtàn Yorùbá sì kún inú rẹ̀.

Kí irú èyí tó dé, àwòrán inú ìwé ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yìn ìwé àti ìpolówó ọjà ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán fi ń jẹun. Àwọn yẹn ń mówó wálé lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń sanwó rẹ̀. Ẹni inú ìtàn tí ayàwòrán fúnra rẹ̀ dá ló lè bọ́ ọ títí, bí kò bá tà á. Ní 1938, Jerry Siegel àti Joe Shuster, àwọn tó dá Superman, ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 130 dọ́là péré. Àwọn ẹlòmíì ló jèrè tó tẹ̀ lé e.

Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti Nàìjíríà, ti 2022, dáàbò bo àwòrán títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó yà á. Ìwé àdéhùn kan ṣoṣo lè gbé gbogbo ọdún wọ̀nyẹn fún ẹlòmíì. Ohun tó yẹ kí ayàwòrán wá nínú rẹ̀ kó tó buwọ́ lù ú kò pọ̀: ṣé àwòrán yìí nìkan ni wọ́n ń rà, àbí ẹni inú ìtàn náà, ọdún mélòó ni, àti bóyá fíìmù àti nǹkan ìṣeré ọmọdé wà nínú rẹ̀.