Jaipal Singh, balógun tí ó fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀ nítorí họ́kì

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 1928, ọkọ̀ ojú omi ńlá kan ṣíkọ̀ ní èbúté Bombay, ní ilẹ̀ Íńdíà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n kó ọ̀pá tí orí rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ dání. Ìlú Amsterdam, ní ilẹ̀ Họ́láǹdì, ni wọ́n ń lọ, láti gbá họ́kì níbi ìdíje Òlíḿpíìkì. Ènìyàn mẹ́ta péré ni ó sìn wọ́n dé èbúté. Kò sí ìlù, kò sí orin. Owó ìrìn àjò náà pàápàá kò tètè pé. Díẹ̀ ni ó kù kí wọ́n fi méjì nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ nílé.

Ẹni tí yóò ṣe balógun wọn kò sí nínú ọkọ̀ náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò ti bá wọn pàdé, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ti ń kàwé láti ìgbà èwe rẹ̀. Jaipal Singh ni orúkọ rẹ̀. Ní àkókò náà gan-an, ọ̀rọ̀ ńlá kan wà ní ọrùn rẹ̀ tí àwọn tí ń bọ̀ nínú ọkọ̀ kò mọ̀.

Ẹni tí kò bá rí họ́kì rí lè rò pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni. Wọ́n jọra lóòótọ́: ènìyàn mọ́kànlá ní ìhà kan, mọ́kànlá ní ìhà kejì, aṣọ́lé kan ní ẹnu ilé kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nínú họ́kì, ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù, àfi ẹsẹ̀ aṣọ́lé. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń gbá a, ojú kan ṣoṣo tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ lára ọ̀pá náà ni òfin sì gbà láyè. Bọ́ọ̀lù náà kò ju ọsàn kan lọ, ó sì le bí òkúta. Wọ́n a fa ìlà kan tí ó tẹ̀ bí òṣùmàrè síwájú ilé. Ẹni tí ó bá dúró sẹ́yìn ìlà náà tí ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé, asán ni. Ìdí nìyí tí agbára nìkan kò fi tó nínú eré yìí. Ẹni tí bọ́ọ̀lù bá ń tẹ̀ lé ọ̀pá rẹ̀ bí ẹni pé a fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, òun ni ọ̀gá.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ òfin họ́kì sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1895, ilẹ̀ Wales àti ilẹ̀ Ireland pàdé ní ìlú Rhyl; Ireland borí pẹ̀lú góòlù 3 sí òdo. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè méjì fi họ́kì figagbága. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó kan àwọn obìnrin: àwọn obìnrin Ireland na ti England ní góòlù 2 sí òdo ní ìlú Dublin. Nínú aṣọ gígùn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ ni àwọn obìnrin ayé ìgbà náà ti ń sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ kékeré kọ́.

Họ́kì wọ Òlíḿpíìkì ní ọdún 1908, ní London. Ẹgbẹ́ mẹ́fà ni ó wá: England, Ireland, Scotland, Wales, Jámánì àti Faransé. Ojú àwọn Faransé rí nǹkan, nítorí góòlù 10 sí 1 ni England fi lù wọ́n. England náà ni ó gba wúrà, lẹ́yìn tí ó na Ireland ní 8 sí 1. Ẹnìkan tí ń jẹ́ Reggie Pridmore gbá góòlù mẹ́rin nínú mẹ́jọ náà. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ pa á ní ilẹ̀ Ítálì ní ọdún 1918. Lẹ́yìn ogun, ní ọdún 1920, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún gba wúrà ní Antwerp. Nígbà tí ó di ti Paris ní ọdún 1924, wọ́n yọ họ́kì kúrò nínú eré, wọ́n ní kò ní ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń darí rẹ̀. Ọmọ Faransé kan, Paul Léautey, kò dákẹ́. Ó pe orílẹ̀-èdè méje jọ sí Paris ní oṣù kìíní ọdún náà, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àgbáyé sílẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ìpàdé yẹn ni họ́kì fi padà wọlé ní Amsterdam.

Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gbé eré yìí dé Íńdíà tipẹ́, nítorí àwọn ni wọ́n ń jẹ gàba lé ilẹ̀ náà lórí. Àwọn ọmọ Íńdíà kọ́ ọ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ju ẹni tí ó kọ́ wọn lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà bẹ́ẹ̀ láìrí i?

Abúlé kékeré kan tí ń jẹ́ Takra, ní agbègbè Ranchi, ni a bí Jaipal Singh sí ní ọdún 1903. Ẹ̀yà Munda ni àwọn òbí rẹ̀. Àwọn Munda wà lára àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ ní Íńdíà. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n ń gbin ìrẹsì láàárín igbó àti òkè. Ará oko ni àwọn aládùúgbò wọn ń pè wọ́n, wọn kò sì kà wọ́n sí. Ní kékeré, màlúù ilé ni Jaipal ń dà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù ní Ranchi. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, rí i pé orí ọmọ náà pé, ó sì mú un lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọmọ tí ń da màlúù ní Takra ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Oxford nìyí. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ọrọ̀ ajé níbẹ̀. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Lórí pápá, ẹ̀yìn ni ó máa ń dúró sí, níwájú aṣọ́lé, tí yóò sì gba bọ́ọ̀lù lẹ́nu ọ̀tá láìfi ipá ṣe é.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní iṣẹ́ ọba kan tí wọ́n fi ń ṣàkóso Íńdíà. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ni agbára wà: wọ́n ń gba owó orí, wọ́n ń dájọ́, gbogbo agbègbè sì ń wárìrì fún wọn, bí kòmáńdà ti rí ní Dahomey láyé Faransé. Owó oṣù ibẹ̀ tóbi, owó ìfẹ̀yìntì sì dájú. Ìdánwò tí ó le ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Jaipal Singh ṣe ìdánwò náà, ó yege. Ó kù kí ó lo àkókò ẹ̀kọ́ rẹ̀ tán ní Oxford, kí ó sì wọ ọkọ̀ padà sílé gẹ́gẹ́ bí aláṣẹ.

Ibẹ̀ ni ìwé ti dé pé òun ni wọ́n yàn láti ṣe balógun ẹgbẹ́ họ́kì Íńdíà. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀ láti lọ sí Amsterdam. Wọ́n kọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Eré ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni họ́kì. Kò sí owó kankan nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ọba ni ìgbéga ẹnìkan láti inú ẹ̀yà tí wọn kò kà sí. Ọ̀pọ̀ bàbá ni ìbá gba ọmọ rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí ó fi ọ̀pá họ́kì ṣe igi ìdáná. Ṣùgbọ́n ọmọ Íńdíà kankan kò tíì ṣe balógun irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ní Òlíḿpíìkì. Jaipal Singh kò gba àyè, ó lọ.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n gba wúrà lẹ́ẹ̀mejì, kò mú ẹgbẹ́ kankan wá sí Amsterdam. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Íńdíà gbà pé wọn kò fẹ́ kí ẹrú na olówó rẹ̀ lójú ayé ni. Nígbà tí ẹgbẹ́ Íńdíà kọjá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú ìdíje, wọ́n ti na àwọn ẹgbẹ́ ibẹ̀ bíi mélòó kan, gbogbo ènìyàn sì ti rí i.

Ní Amsterdam, Íńdíà na Austria ní 6 sí òdo. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n na Bẹ́ljíọ̀mù ní 9. Dẹ́nímáàkì gba 5, Switzerland gba 6. Kò sí ẹni tí ó rí góòlù kan ṣoṣo gbá wọlé Íńdíà. Richard Allen ni ó ń ṣọ́ ilé náà. Ṣùgbọ́n níwájú ni ojú àwọn òǹwòran wà, lára sójà kan tí ó jẹ́ ẹni ọdún 22, Dhyan Chand. Ọmọ sójà ni, òun náà sì wọ iṣẹ́ sójà ní ẹni ọdún 16. Iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ó ráyè ní ọ̀sán, nítorí náà lábẹ́ òṣùpá ni ó ti ń fi bọ́ọ̀lù dánra wò. Òṣùpá ni ìtumọ̀ “Chand” ní èdè wọn, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ni ìjà ìkẹyìn, pẹ̀lú Họ́láǹdì tí ó ni ilé. Jaipal Singh kò sí lórí pápá lọ́jọ́ náà. Ó ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí ìdíje tó parí. Ohun tí ó fà á, ẹnu kò kò lórí rẹ̀ títí di òní. Broome Pinniger ni ó di ipò balógun mú. Ibà mú Dhyan Chand, àìsàn sì ti dá àwọn mìíràn jókòó. Wọ́n jáde bẹ́ẹ̀, wọ́n sì borí pẹ̀lú góòlù 3 sí òdo. Góòlù 29 ni Íńdíà gbá nínú ìdíje náà láìjẹ ẹyọ kan. Dhyan Chand nìkan gbá 14. Èrò tí ó ya bo èbúté Bombay nígbà tí wọ́n padà dé kì í ṣe ènìyàn mẹ́ta mọ́.

Ní ti Jaipal Singh, nígbà tí ó padà sí Oxford, àwọn ọ̀gá ní kí ó fi ọdún kan kún àkókò ẹ̀kọ́ rẹ̀ nítorí pé ó lọ láìgba àyè. Ó dá wọn lóhùn pé òun kò ṣe mọ́. Ó fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀ pátápátá.

Íńdíà ń bá a lọ. Ní Los Angeles ní ọdún 1932, ẹgbẹ́ mẹ́ta péré ni ó rí ọ̀nà dé ibẹ̀, nítorí ọ̀wọ́n owó tí ó ba ayé jẹ́ nígbà náà. Íńdíà na Amẹ́ríkà ní 24 sí 1. Roop Singh, àbúrò Dhyan Chand, gbá mẹ́wàá nínú rẹ̀. Ní Berlin ní ọdún 1936, Dhyan Chand ni balógun. Jámánì ti kọ́kọ́ nà wọ́n ní 4 sí 1 nínú eré ìdánrawò, ọkàn wọn kò sì balẹ̀. Ṣáájú ìjà ìkẹyìn, nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn yọ àsíá kan jáde. Kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì. Àsíá aláwọ̀ mẹ́ta ti àwọn tí ń jà fún òmìnira ni. Àwọn agbábọ́ọ̀lù kí i ní ìdákẹ́jẹ́, wọ́n sì jáde lọ na Jámánì ní 8 sí 1. Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ni. Ní ọjọ́ kan náà gan-an, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, Íńdíà gba òmìnira.

Ní gbogbo àkókò Berlin yẹn, Jaipal Singh ti di olùkọ́, kì í sì í ṣe ní Íńdíà. Láti ọdún 1934, ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Achimota, lẹ́bàá Accra, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, níbi tí kò jìnnà sí Lomé. Àwọn ọmọ Gold Coast jókòó níwájú balógun Òlíḿpíìkì, ó ń kọ́ wọn níwèé. Ní ọdún 1937 ni ó padà sí Íńdíà, nígbà tí ó sì fi máa di ọdún 1939, àwọn ẹ̀yà inú igbó ti fi í ṣe olórí wọn. Marang Gomke ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe Olórí Ńlá ní èdè Munda.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1948, ẹgbẹ́ Íńdíà olómìnira pàdé ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, ní London. Òjò ti mú kí pápá rin gbingbin. Ogún ọdún ni ayé ti ń retí ìpàdé yìí. Íńdíà borí pẹ̀lú góòlù 4 sí òdo.

Jaipal Singh wà ní ilé ìgbìmọ̀ tí ń kọ òfin ilẹ̀ tuntun nígbà náà. Ó ti dìde níbẹ̀ láti ọdún 1946, ó ní ará igbó ni òun, ojú kò sì ti òun láti jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1949, nígbà tí wọ́n ń to orúkọ àwọn èdè tí òfin yóò dá mọ̀, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi èdè Munda kún un. Wọn kò gbà fún un. Ó tún ń béèrè fún ìpínlẹ̀ kan tí yóò jẹ́ ti àwọn ènìyàn rẹ̀, ẹnu èyí ni ó wà títí ó fi kú ní ọdún 1970. Wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà, Jharkhand, sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2000. Ranchi ni olú ìlú rẹ̀.

Pápá họ́kì ńlá kan wà ní Ranchi báyìí tí a kọ Marang Gomke Jaipal Singh sí lára. Ní ọdún 2023, àwọn obìnrin Íńdíà gba ife àwọn akọni Éṣíà (Asian Champions Trophy) níbẹ̀, wọ́n na Japáànù ní 4 sí òdo. Nikki Pradhan wà nínú ẹgbẹ́ náà. Agbègbè Khunti ni wọ́n ti bí i, níbi tí Takra wà.