Ìbọn tí Amẹ́ríkà kà sí ohun àtijọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ni ní Nàìjíríà

Ọdẹ tó ti ń fi ẹ̀tù yin ṣakabùlà láti kékeré yóò rẹ́rìn-ín bó bá rí ìbọn ìléwọ́ tí àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà ń fi ṣeré ìdárayá. Ẹ̀tù dúdú kan náà ni, ọta òjé kan náà ni. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé ihò mẹ́fà ni wọ́n ń ki ẹ̀tù sí, àwọn ihò náà yóò sì máa yí bí wọ́n ṣe ń yìn ín. Samuel Colt ló gba ìwé ẹ̀tọ́ irú rẹ̀ lọ́dún 1836, wọ́n sì gbé e ja ogun abẹ́lé wọn láàárín 1861 sí 1865. Àwòṣe tí wọ́n ń rọ ní Ítálì ni ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lónìí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà lè di ẹkún. Ẹni tó bá da ẹ̀tù ìgbàlódé tí kì í rú èéfín sínú rẹ̀ ti fikú ṣeré, nítorí agbára ìyẹn ju ohun tí irin náà lè gbà lọ. Ó lè fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Iná tún lè fò láti ihò kan bọ́ sí èkejì, tí ihò méjì tàbí mẹ́ta yóò dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí ọta fi gbọ́dọ̀ fún ihò rẹ̀ pinpin, tí wọ́n sì ń fi ọ̀rá dí i lójú. Ihò márùn-ún ni àwọn tó gbọ́n ń ki. Èyí tó wà lábẹ́ òòlù ìbọn, òfìfo ni. Kápù tó ń ṣáná ló ń kẹ́yìn, nígbà tí ẹnu ìbọn bá ti kọjú sí ibi tí wọ́n fẹ́ yìn ín sí. Bí kò bá sì dún, kí wọ́n má ṣe yí i kúrò níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, iná lè ṣì wà lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ òfin ló wá le jù fún ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun. Òfin ìbọn tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1968 ka ìbọn yìí mọ́ ohun àtijọ́, kò sì béèrè ohun tó ń béèrè lórí ìbọn yòókù. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀ o: ní New Jersey, èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé àṣẹ wà lórí ìbọn náà, òmíràn sì wà lórí ẹ̀tù.

Nàìjíríà ńkọ́? Òfin ìbọn ọdún 1959 tó ṣì ń ṣiṣẹ́ pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìsọ̀rí kẹta ni ṣakabùlà wà, ìlànà ìpínlẹ̀ ló sì ń darí ìwé àṣẹ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yóò rò pé ìbọn Colt yìí wà, nítorí ẹ̀tù kan náà ni. Irọ́ ni. Ìsọ̀rí kìn-ín-ní ni òfin to ìbọn ìléwọ́ sí, tó fi mọ́ èyí tó ń lo kápù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn arọ̀jò-ọta àti bọ́ǹbù. Ààrẹ nìkan ló lè fọwọ́ sí i fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10 ni. Aṣọ́bodè tó bá sì tú àpótí ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà kò ní béèrè bóyá ohun àtijọ́ ni Amẹ́ríkà kà á sí.