Eyín Ekurá Tí Kò Tó Èékánná

Lọ́dún 2025, Kenshu Shimada ti Yunifásítì DePaul ní Amẹ́ríkà àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò pé megalodon, ekurá ńlá ayé àtijọ́, lè gùn tó mítà 24. Ariwo ìròyìn náà pọ̀ nígbà náà. Èmi ń wo ibòmíì: báwo la ṣe ń ti ara ohun kékeré mọ ohun ńlá? Eegun ekurá, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ṣáàkì, kò le bí eegun ẹran. Ó rọ̀ bíi ti etí àti imú wa, kì í sì í pẹ́ jẹrà. Kò sẹ́ni tó tíì rí megalodon lódindi. Eyín ló kù, pẹ̀lú ìwọ̀nba eegun ẹ̀yìn. Eyín náà sì pọ̀, torí ekurá kan lè yọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún kó tó kú; tuntun ti ń tò sẹ́yìn èyí tó wà lẹ́nu.

Odò Peace ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Florida ni mo fẹ́ ká lọ. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé tí omi fà, àwọn èèyàn á gbé ṣọ́bìrì àti asẹ́, wọ́n á wọ odò dé orúnkún, wọ́n á máa jọ òkúta wẹ́wẹ́. Òfin ìpínlẹ̀ náà ní kéèyàn gbàwé àṣẹ kó tó ṣa eegun àtijọ́ lórí ilẹ̀ ìjọba, àmọ́ eyín ekurá kò gbàwé. Megalodon ni wọ́n ń wá. Eyín tí kò tó èékánná ọmọ ìka ọwọ́ ni asẹ́ ń kó fún wọn. Òkun ló bo ibẹ̀ nígbà kan, fósífeètì tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀ sì pọ̀ nínú ilẹ̀ náà. (Níbi tí wọ́n ti ń wa fósífeètì ní Hahotoé ní Tógò náà, eyín ekurá wà níbẹ̀, èyí tó ti lò ju 40 mílíọ̀nù ọdún lọ.) Ẹ má ṣe rò pé eyín dúdú ló dàgbà jù. Ilẹ̀ tó sùn sí ló rẹ ẹ́ láró. Odò fúnra rẹ̀ ń da ìgbà pọ̀: ẹ lè bá eyín megalodon lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun mámọ́ọ̀tì, ìbátan erin, tí àwọn méjèèjì kò sì bá ara wọn láyé.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn rò pé bí ìrísí bá ti yàtọ̀, ẹja ti yàtọ̀ nìyẹn. Ṣé eyín iwájú wa jọ ti ẹ̀yìn? Ti ekurá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú ọ̀wọ́ ekurá tí wọ́n ń pè ní Carcharhinus, eyín òkè fẹ̀, ó ní igun mẹ́ta, etí rẹ̀ sì dà bí ayùn, torí òun ló ń gé ẹran. Tìsàlẹ̀ tín-ín-rín, ó dúró ṣánṣán, torí òun ló ń di ẹran mú. Bó bá kù díẹ̀ kó dé igun ẹnu, eyín á kéré, á sì dà gẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, eyín bíńtín kan lè jẹ́ ti ọmọ ẹja, ó sì lè wá láti igun ẹnu àgbà.

Ẹ gbé ọ̀kan lé àtẹ́lẹwọ́. Bí ṣóńṣó ayùn etí rẹ̀ bá ń tóbi sí i bí ó ṣe ń lọ sókè, tó wá dáwọ́ dúró kó tó kan orí, tí orí náà wá jọ̀lọ̀, ti ekurá tí wọ́n ń pè ní Hemipristis serra ni, eyín òkè. Tìsàlẹ̀ ẹja kan náà gùn bí abẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ sì ń fi orúkọ ẹja mìíràn pè é.

Ibi tó ti le jù ni láàárín eyín ìsàlẹ̀ Carcharhinus àti ti ekurá ọlọ́sàn-wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní lemon shark. Àwọn méjèèjì tín-ín-rín. Ayùn wẹ́wẹ́ tí awò lè fi hàn ló máa ń ya ti àkọ́kọ́ sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n yanrìn odò lè ti ha á dànù. Lójú tèmi, ó sàn kéèyàn kọ orúkọ ìdílé tó kó àwọn méjèèjì pọ̀ sára irú eyín bẹ́ẹ̀, kó dá orúkọ ẹ̀yà gangan dúró.

Ọ̀rọ̀ yìí kan megalodon pẹ̀lú. Victor Perez, tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ekurá àtijọ́ ní Florida, kó àwòkọ àwọn eyín tó wá láti ẹnu megalodon kan ṣoṣo fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ó ní kí wọ́n fi gíga eyín ṣírò bí ẹja náà ṣe gùn tó. Ọ̀kan rí mítà 12, òmíràn rí 45. Ẹnu kan náà! Ipò tí eyín wà ló fa ìyàtọ̀ náà. Nínú iṣẹ́ tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde lọ́dún 2021, wọ́n fi fífẹ̀ eyín rọ́pò gíga, wọ́n sì rí nǹkan bíi mítà 20.

Eegun ẹ̀yìn ni mítà 24 ti Shimada ti wá. Mo fi ọkàn tán an díẹ̀ ju eyín lọ, síbẹ̀ ẹ jẹ́ ká rántí pé orí ẹyọ eegun ẹ̀yìn tí wọ́n rí ní Dẹ́ńmákì ni iye náà dúró lé. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 23.