Wíwọn Ìgbì Antẹ́nà láti Ìtòsí

Ìgbì tí antẹ́nà kan bá ta láti Àkúrẹ́ kì í dé Oǹdó láìbá òkè àti igbó pàdé lọ́nà. Àwọn onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1981, ti wọn agbára ìgbì tẹlifíṣọ̀n ní oríṣiríṣi ibi ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ a máa fi ohun tí ó dé ọ̀dọ̀ olùgbọ́ hàn. Ṣùgbọ́n bí ìgbì bá rẹ̀ kí ó tó dé Oǹdó, antẹ́nà ni ó jẹ̀bi ni, tàbí òkè?

Láti mọ èyí, ó yẹ kí a wọn antẹ́nà fúnra rẹ̀. Ìtòsí antẹ́nà, ìrísí ìgbì ṣì ń yí padà. Ìgbà tí ó bá jìnnà ni ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí antẹ́nà onírísí abọ́ bá fẹ̀ tó mítà 3, tí gígùn ìgbì rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3, ó di nǹkan bí mítà 600 kí èyí tó rí bẹ́ẹ̀. Pápá tí ó tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀, láìsí igi tàbí ilé, ṣọ̀wọ́n.

Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń wọ̀n ọ́n láti ìtòsí. Wọn a gbé antẹ́nà kékeré kan kọjá níwájú abọ́ náà, láti ojú kan dé òmíràn, láìfò ju sẹ̀ǹtímítà 1.5 lọ, tíí ṣe ìdajì gígùn ìgbì. Ní ojú kọ̀ọ̀kan wọn a ṣàkọsílẹ̀ agbára ìgbì àti ibi tí ó dé nínú ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìṣirò tí ó ti ọ̀dọ̀ Joseph Fourier, ará Faransé (1768–1830), wá yóò fi bí ìgbì náà yóò ti rí lókèèrè hàn.

Ṣùgbọ́n ìgbì tí ó ru ọ̀rọ̀ kì í dúró lójú kan. Ọ̀rọ̀ náà ni ó ń yí i padà. Báwo ni a ó ti mọ ìyàtọ̀ tí ó ti ọ̀dọ̀ ọ̀rọ̀ wá àti èyí tí ó ti ọ̀dọ̀ àyè wá? Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ìlù ti dún jù nínú agbo, tí onílù sì ń yí ọwọ́ padà, kò lè dá a mọ̀ nípa rírìn kiri nìkan. Ẹnì kejì gbọ́dọ̀ dúró lójú kan, kí àwọn méjèèjì jọ máa gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni wọ́n ń fi antẹ́nà kékeré kejì sílẹ̀ láìṣí i nípò. Bí a bá fi ìwọ̀n èyí tí ó dúró pín ìwọ̀n èyí tí ń rìn, ìyípadà tí ọ̀rọ̀ mú wá yóò pa ara rẹ̀ rẹ́, yóò sì ku ti àyè nìkan. Bí ìgbì náà bá gbòòrò jù, wọn a kọ́kọ́ pín in sí wẹ́wẹ́. Báyìí ni a ṣe lè wọn antẹ́nà láìdá iṣẹ́ rẹ̀ dúró.

Nígbà tí a bá ti mọ ìwà antẹ́nà, àlàfo tí ó bá kù láàrin ìṣirò àti ìwọ̀n tí a rí ní Oǹdó ni a tó lè bi òkè, igbó àti òjò léèrè. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, òṣìkà ènìyàn.