Ẹ Má Lé Màmá Kúrò Nídìí Ààrò

Ìyá àgbà kan tí a máa ń bẹ̀ wò ní Abúlé Ẹ̀gbá ṣubú níbi tí wọ́n ti ń nawọ́ sí ìkòkò lórí pákó gíga. Ọpẹ́ ni pé egungun kò ṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ti ń sọ pé, "Màmá, ẹ jókòó jẹ́jẹ́, a ó máa gbé oúnjẹ wá fún yín." Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí a béèrè àlàáfíà, èsì Màmá ni pé, "Ṣé mo ti wá di àlejò nínú ilé mi ni?" Bí àwọn ọmọ bá sì ti lọ síbi iṣẹ́, Màmá á tún rọra wọ ilé ìdáná lọ, láìsí ẹnikẹ́ni nílé.

Ẹ̀rù àwọn ọmọ náà tọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé wí pé ìṣubú ló ṣe ìkejì nínú àwọn jàǹbá tó ń pa ènìyàn jù lágbàáyé, àwọn tó lé ní 60 ọdún ló sì ń pa jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, ilé ìdáná ló yẹ kí a tún ṣe, kì í ṣe Màmá ni ká lé jáde.

Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Lillian Gilbreth, onímọ̀ ẹ̀rọ tó tún jẹ́ ìyá ọlọ́mọ 12, ṣètò ilé ìdáná fún àwọn obìnrin tí àrùn ọkàn ń dà láàmú. Ó jẹ́ kí wọ́n lè jókòó ṣiṣẹ́, kí ohun tí wọ́n ń lò sì wà ní àrọ́wọ́tó.

Káfíńtà àdúgbò wa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fún Màmá ní àga tó ní apá, nítorí ó ṣòro fún orúnkún àgbà láti dìde lórí àpótí kúkurú. Kí ojú tábìlì má ga ju ìgbọ̀nwọ́ wọn lọ bí wọ́n bá jókòó. Ibẹ̀ ni wọ́n ó ti máa ṣa ẹ̀wà, tí wọ́n ó ti máa rẹ́ ẹ̀fọ́. Kí káfíńtà lu ihò mélòó kan sí ẹsẹ̀ tábìlì náà, kí a lè gbé e sókè tàbí sílẹ̀ bí agbára bá ṣe ń yí padà. Kí ìkòkò tó wúwo má ga ju ìbàdí lọ. Táìlì tó ń dán a máa yọ̀ bí omi bá kàn án. Sìmẹ́ńtì tí kò dán sàn jù.

Ní ti iná, àwa ará Abúlé Ẹ̀gbá kò nílò olùkọ́. A kò gbàgbé ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, nígbà tí iná páìpù epo pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Kí sìlíńdà gáàsì wà níta, kí a sì máa fi omi ọṣẹ yẹ rọ́bà rẹ̀ wò: bí ó bá ń hó, gáàsì ń jò.

Àṣẹ karùn-ún nínú Òfin Mẹ́wàá kò parí sórí oúnjẹ àti owó. Nígbà tí àwọn ọmọ ìyá yìí tún ilé ìdáná ṣe tán, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ni Màmá fi gbà wá lálejò. "Ẹ jókòó," ni wọ́n wí, "ẹ̀yin ni àlejò lónìí."